Eré àwárí-ọ̀nà ní Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́: kí gbogbo ènìyàn ti padà dé kí oòrùn tó mú

Eré ìje kan wà tí ẹsẹ̀ yíyá nìkan kò tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ borí nínú rẹ̀. Kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, olùsáré kọ̀ọ̀kan yóò gba àwòrán ilẹ̀ kan. Yóò sì gba ẹ̀rọ kékeré tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí àríwá nígbà gbogbo, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní bùsọ́ọ̀lù. Wọ́n ti fi àmì róbótó sí ibi mélòó kan lórí àwòrán náà, wọ́n sì ti fi nọ́ńbà tò wọ́n: 1, 2, 3, títí dé òpin. Ní ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà, àsíá kan ń bẹ lórí ilẹ̀ gan-an. Apá kan rẹ̀ funfun, apá kejì ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n. Kò sí ẹni tí yóò tọ́ olùsáré sọ́nà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wo ìwé, tí yóò wo ilẹ̀, tí yóò sì pinnu ibi tí yóò gbà. Ẹni tí ó bá dé ìdí gbogbo àsíá náà bí wọ́n ṣe tò wọ́n, tí àkókò rẹ̀ sì kéré jù lọ, ni ó borí. Orúkọ rẹ̀ ní Faransé ni «course d'orientation». Ní Yorùbá, eré àwárí-ọ̀nà ni orúkọ tí ó bá a mu.

Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti bí eré yìí. Àwọn ológun Sweden ni ó kọ́kọ́ ń fi í kọ́ iṣẹ́ wọn ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1897, àwọn tí kì í ṣe ológun díje nínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Oslo, ní ilẹ̀ Norway. Ní ọdún 1961, orílẹ̀-èdè 10 péjọ sí ìlú Copenhagen, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbáyé eré náà sílẹ̀. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba olùṣètò ní ilẹ̀ wọ̀nyẹn ni òtútù, yìnyín, àti òkùnkùn tí ó ń tètè ṣú. Kò sí ẹni tí ń ronú nípa ibòòji níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ìlànà wọn wá sí Pobẹ̀ tàbí Ṣakẹ́tẹ́ láì yí ohunkóhun padà, ewu ni ó gbé wá fún ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn kan lè béèrè ohun tí àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò fẹ́ fi irú eré yìí ṣe. Ìdáhùn wà nínú ìwé tí olùsáré mú lọ́wọ́. Ohun kíkà ni àwòrán ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ti jẹ́ ohun kíkà. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2013 ti mú kí ìwé ilẹ̀ ṣe pàtàkì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwòrán tí àwọn awọnlẹ̀ yà a sì máa wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ A, B, D, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí a ti í yí àwòrán títí àríwá orí ìwé yóò fi dojú kọ àríwá orí ilẹ̀, kò lè mọ̀ bóyá ààlà tí wọ́n yà sínú ìwé ni ààlà oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi ìka tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láì mọ apá ibi tí wọ́n dojú kọ. Eré tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí láàárín wákàtí kan kì í ṣe eré ọmọdé nìkan.

Ọ̀nà kíkà rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá kọ 1:10.000 sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún mítà 100 lórí ilẹ̀. Fún ìgboro, wọ́n sábà máa ń lo 1:4.000, níbi tí sẹ̀ǹtímítà kan ti jẹ́ mítà 40, kí ojúlé àti ọ̀nà tóóró lè hàn kedere. Àwọ̀ aró ni omi. Àwọ̀ dúdú ni ilé, ọ̀nà àti òkúta. Àwọ̀ ilẹ̀ ń fi gíga àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ hàn. Àwọ̀ ìyeyè ni gbangba àti pápá. Àwọ̀ ewé ni igbó dídí, bí ewé náà bá sì ti jinlẹ̀ tó ni igbó náà ṣe le tó láti gbà kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni ó máa ń da àwọn tí ń kọ́ ọ lójú rú: funfun kì í ṣe ibi tí kò sí nǹkan. Igbó tí abẹ́ rẹ̀ mọ́, tí ènìyàn lè sáré gbà kọjá, ni wọ́n fi funfun dúró fún. Ní Norway, irú igbó bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ilẹ̀ Pobẹ̀ dára fún eré náà. Ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ wà níbẹ̀ láti ọdún 1922, igbó tí ìjọba dáàbò bò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú ìyókù igbó ńlá tí ó ti bo gúúsù Bẹ̀nẹ̀ rí. Oko ọ̀pẹ rí bí ẹni pé wọ́n dá a fún ìdánwò àwárí-ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá gbin ọ̀pẹ ní mítà 9 síra wọn, igi 143 ni ó ń wọ hẹ́kítà kan, gbogbo wọn sì tò bí ọmọ ogun. Ibikíbi tí ènìyàn bá yíjú sí, ọ̀nà kan náà ni ó ń rí. Ẹni tí ó bá gbójú lé ìrántí nìkan yóò ṣìnà kí ó tó rìn mítà 300. Ẹni tí ó bá ń wo abẹ́rẹ́ bùsọ́ọ̀lù, tí ó sì ń ka ìlà ọ̀pẹ bí ó ti ń lọ, yóò bọ́ sí ìdí àsíá gan-an.

Ní apá ìwọ̀-oòrùn, ní ìhà Issaba, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí ni ibẹ̀, amọ̀ dúdú ni. Nígbà òjò, ó di irà tí ń gbé ẹsẹ̀ mì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbẹ, ó sì là yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́, títí ẹsẹ̀ ọmọdé fi lè há sínú rẹ̀. Ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn Ọ̀họ̀rí lè kọ ojú ìjà sí àwọn Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá ní 1914 àti 1915: ẹni tí kò mọ ibi tí ó le kò lè wọ ibẹ̀. Ó dára fún ìtàn. Fún ìdíje àwọn tí ń kọ́ eré, kò dára, nítorí kò sí ibòòji púpọ̀, kokósẹ̀ yíyẹ̀ sì rọrùn níbẹ̀.

Ṣakẹ́tẹ́ ní tirẹ̀ yẹ fún eré ìgboro. Ọjà, ààfin, ilé ìjọsìn, ọ̀nà tóóró láàárín agbo ilé, gbogbo wọn ni olùsáré lè fi ṣe àmì. Ojú irin àtijọ́ tí ó ti Àjàṣẹ́ wá sí Ṣakẹ́tẹ́, tí ó sì lọ dé Pobẹ̀, kò gbé ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ ṣì wúlò. Ẹni tí ó ń kọ́ eré lè máa tọ irú ipa bẹ́ẹ̀ lọ bí afọ́jú ti ń tọ okùn. Ọ̀nà ọ̀dà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ jẹ́ odi mìíràn. Olùṣètò lè sọ fún gbogbo olùsáré kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé: «Bí ẹ bá ṣìnà pátápátá, ẹ kọ ojú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ẹ máa lọ títí ẹ ó fi kan ọ̀dà, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.» Apá ibi tí wọ́n bá wà sí ọ̀dà ni yóò sọ bóyá ìlà-oòrùn ni tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ju ìwé òfin ojú-ewé mẹ́wàá lọ.

Ooru ni ọ̀tá tí ó kù. Láti mọ bí ó ti ń pa ènìyàn, àmù omi ni kí a wò. Omi inú àmù máa ń tutù nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń yọ gba ara amọ̀ jáde, atẹ́gùn sì ń gbẹ ẹ́. Bí ó ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ. Òógùn ara ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Iṣan ẹsẹ̀ olùsáré ń dá ooru sílẹ̀ nínú ara bí iná àdògán, òógùn sì ń jáde kí ó lè gbẹ kúrò lára awọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òógùn tí ń kán sílẹ̀ ni ó ń tu ara. Èyí tí ó gbẹ ni.

Nítorí náà ni oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún fi léwu jù ní agbègbè yìí. Oòrùn ọ̀sán ìgbà náà máa ń gbé ooru ju 33 lọ lórí ìwọ̀n ooru, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ti ń pọ̀ nítorí òjò tí ń bọ̀. Òógùn ń ṣàn, kò gbẹ, ara kò sì tutù. Nígbà ọyẹ́, ìdàkejì rẹ̀ ni. Òógùn ń gbẹ kíá tí ènìyàn kò fi mọ̀ pé òun ń làágùn, òùngbẹ a sì dé lẹ́yìn tí omi ara ti dínkù. Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ tí kùrukùru sì bo oòrùn, ni àkókò tí ó rọ̀ jù. Ilé ẹ̀kọ́ ti ti ìlẹ̀kùn nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́ sì wà nílé. Kò sí ìdí pàtàkì tí ènìyàn yóò fi yan oṣù kẹta nígbà tí oṣù kẹjọ wà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kì í sábà jẹ́ ti olùṣètò láti yàn. Bí eré bá bọ́ sí ìgbà ooru, aago ni kí a fi dáàbò bo àwọn olùsáré. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀: àwọn ènìyàn rò pé aago méjìlá ni oòrùn ń wà ní àárín ọ̀run. Ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí aago tí orílẹ̀-èdè náà ń lò, aago kan kù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni oòrùn ń dé àárín gbùngbùn. Ooru tí ó ga jù sì ń tẹ̀ lé e, láti aago kan títí dé aago mẹ́rin. Ìyẹn ni pé òwúrọ̀ gùn díẹ̀ ju bí a ti rò lọ, ọ̀sán sì pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Kí ẹni àkọ́kọ́ gbéra ní aago méje, bí ojú bá ti mọ́. Kí ẹni ìkẹyìn ti padà dé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àwọn mìíràn yóò fẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kò burú fún ìgboro Ṣakẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n nínú oko ọ̀pẹ kò yẹ, torí pé òkùnkùn kì í fi àsìkò ṣòfò ní ilẹ̀ yìí, wíwá ẹni tí ó sọnù ní òru kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Àwọn tí ó tóbi ju ìlú kékeré lọ pẹ̀lú ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà ìdíje eré ìdárayá àgbáyé ní Doha, ní ilẹ̀ Qatar, wọ́n sún eré máratọ́ọ̀nù àwọn obìnrin sí òru nítorí ooru. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago méjìlá òru lù ni wọ́n gbéra. Síbẹ̀, nínú àwọn 68 tí ó bẹ̀rẹ̀, 28 kò lè parí rẹ̀. Ruth Chepngetich, ọmọ Kenya, ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Òru ni, oòrùn kò sí, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin kò lọ síbì kan. Bí àwọn tí eré jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn bá lè ṣubú báyìí, kí ni a ó sọ nípa ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kò tíì jẹun láàárọ̀?

Ìṣètò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Kì í ṣe àwòrán ni a kọ́kọ́ ń wá, ìyọ̀ǹda ni. Ibùdó ìwádìí àti àwọn aláṣẹ igbó gbọ́dọ̀ gbà, kí kọ́múùnù sì mọ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn baálẹ̀, àwọn àgbà àti àwọn olórí ọdẹ. Igbó Orò wà ní agbègbè yìí, àwọn ibi kan sì wà tí obìnrin kì í dé, tí àlejò kì í wọ̀. Àsíá kan tí a fi sí ibi tí kò yẹ lè sọ eré di ìjà. Kí àwọn àgbà fi ibi tí kò ṣeé wọ̀ han ẹni tí ń ya àwòrán, kí ó fi ìlà pupa yí i ká, láì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àgbà ni yóò tún sọ ọjọ́ tí Orò yóò jáde. Àwọn ọdẹ ní tiwọn yóò sọ ibi tí wọ́n dẹ pàkúté sí àti ibi tí wọ́n fẹ́ fi iná sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n gba ìlérí lọ́wọ́ wọn pé ìbọn kò ní dún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ ọjà kò dára fún eré ìgboro. Bí oṣù ààwẹ̀ bá sì bọ́ sí ìgbà ooru, kí wọ́n sún eré náà síwájú tàbí sẹ́yìn, nítorí ẹni tí kò gbọdọ̀ mu omi kò gbọdọ̀ sáré nínú oòrùn.

Fún àwòrán, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ya àwòrán ilẹ̀ wà ní Kútọnu. Àwòrán OpenStreetMap tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀rọ ayàwòrán OpenOrienteering Mapper náà kò gba owó. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè rọ́pò ẹsẹ̀. Ẹni tí ń ṣètò gbọ́dọ̀ rin gbogbo ilẹ̀ náà, kí ó sì rìn ín ní wákàtí kan náà tí àwọn olùsáré yóò wà níbẹ̀. Nígbà náà ni yóò mọ ibi tí ibòòji wà ní aago mẹ́jọ, tí kò sì sí mọ́ ní aago mẹ́sàn-án.

Kìlómítà méjì sí mẹ́ta tó fún ẹni tí ń kọ́ ọ, pẹ̀lú àsíá mẹ́fà sí mẹ́wàá. Kí àsíá wà lábẹ́ igi, kí olùsáré lè ka àwòrán rẹ̀ nínú ibòòji. Ibi tí ènìyàn ti ń dúró ronú ni ooru ti ń mú un jù, nítorí atẹ́gùn eré kò fẹ́ sí i lára mọ́. Kí wọ́n má fi àsíá sí etí adágún tàbí àbàtà. Àrùn egbò Buruli, tí ń jẹ awọ ara, wọ́pọ̀ ní ibi tí omi rọra dúró sí, ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú rẹ̀ sì wà ní Pobẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣòkòtò gígùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀gún àti ejò. Fìlà tàbí gèlè kò ṣeé fi sílẹ̀. Kí olùsáré kọ̀ọ̀kan so fèrè mọ́ ọrùn: bí ó bá fọn ún nígbà mẹ́fà, ó ń wá ìrànlọ́wọ́.

Omi kì í ṣe ohun tí a ń ṣírò ní ọjọ́ eré. Kí àmù wà ní ibi ìgbéra, ní àárín ọ̀nà àti ní òpin, kí ẹni kan sì máa ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ife. Kí omi púpọ̀ tún wà tí kì í ṣe ti mímu, tí a ó lè dà sí ara. Ẹni tí ó ti làágùn púpọ̀ nílò iyọ̀ pẹ̀lú: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Kí wọ́n má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni mu omi tí òùngbẹ kò gbẹ mọ́, nítorí omi àmujù náà ń pa iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ́.

Bí olùsáré bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, ooru ti wọ ọpọlọ rẹ̀. Ooru inú ara rẹ̀ lè ti kọjá 40. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó ń ṣe àṣejù tàbí pé ìran rẹ̀ kì í sunkún. Kí wọ́n gbé e sí ibòòji, kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, kí wọ́n da omi lé e lára láti orí dé ẹsẹ̀ láì dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì máa fẹ́ ẹ. Kí ẹlòmíràn máa pe àwọn panápaná ní 118 nígbà náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ tu ara rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobẹ̀ tàbí Ṣakẹ́tẹ́. Ẹni tí wọ́n gbé sórí zémìjàn láì dà omi sí i lára lè kú lójú ọ̀nà. Bí ojú rẹ̀ kò bá dá, kí wọ́n má rọ omi sí i lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo ni ó lè ba gbogbo ètò yìí jẹ́, kì í sì í ṣe oòrùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ńlá ni. Ìwé ìpè a sọ pé aago méje, àlejò pàtàkì a dé ní aago mẹ́jọ kọjá, ọ̀rọ̀ ìkíni mẹ́rin a tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ a sì wà ní ìdúró nínú oòrùn láti ìgbà náà. Aago mẹ́wàá ni wọ́n a wá tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa sáré. Olùṣètò tí ó gbọ́n yóò fi gbogbo ọ̀rọ̀ sí ìgbà tí a bá ń pín ẹ̀bùn, lábẹ́ àgọ́, nígbà tí àwọn olùsáré ti jókòó, tí wọ́n sì ti mu omi. Kò sí olóyè tí yóò bínú sí ìyẹn bí wọ́n bá fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ní ibi ìgbéra, ẹni kan yóò jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò. Yóò kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan àti ìṣẹ́jú tí ó gbéra, ní ìṣẹ́jú méjì méjì síra wọn. Ní òpin, yóò fa igi sí orúkọ ẹni tí ó bá padà, ìbáà parí eré, ìbáà má parí. Ẹni tí eré sú, tí ó fẹ́ máa lọ sílé, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá síwájú tábìlì yìí. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, wọn yóò ka orúkọ tí a kò tíì fa igi sí. Àwọn ọdẹ méjì tí ó mọ ilẹ̀ yóò ti múra sílẹ̀, wọn yóò wọ inú oko pẹ̀lú omi àti fèrè. Kò sí àsíá kan tí wọn yóò kó kúrò nílẹ̀, kò sì sí ẹ̀bùn tí wọn yóò pín, títí gbogbo orúkọ inú ìwé náà yóò fi ní igi lára.